Bí Mo Ṣe Kan Ilẹ̀kùn Ilé Mi Láti Orí Òkè Gbohùngbohùn

Ẹ fà mọ́ra, ẹ jẹ́ kí àwọn tí òjò ń ta sí lára rí àyè wọlé. Ẹni tó bá ní obì lẹ́nu, kó tètè gbé e mì, nítorí ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí lè mú kí ó há a lọ́fun. Èmi ni Ọdẹ́dìran, ọkọ Ìbídùnní. Mo ti rí ẹfọ̀n tó ń sọkún bí ọmọ tuntun, mo ti bá ejò sùn nínú ihò kan náà, n kò gbọ̀n. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí mo dúró níwájú ilé ara mi, tí aya mi ń pè mí láti inú ilé pé kí n máa wọlé bọ̀, mo gbọ̀n tó bẹ́ẹ̀ tí ìbọn ń jó lọ́wọ́ mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó fà á.

Kí Ìbídùnní tó di aya mi ló ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Ó ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lẹ́bàá ọ̀nà ilé ìwé, ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ rí i, tó tẹrí ba sórí ẹ̀rọ kan tó ti kú, tí iná tín-ínrín kan ń tàn sí i lójú. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ìwòyí, ẹ kò mọ ìfẹ́! Mo gbàgbé ẹran tí mo gbé kọ́ èjìká. Ẹ̀jẹ̀ ẹran ń kán sí mi lẹ́sẹ̀, n kò mọ̀. Ó gbójú sókè, ó ní, "Bàbá ọlọ́dẹ, ẹ̀ ń ba ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù mi jẹ́." Ohùn yẹn wọ inú mi lọ bí omi tútù ti ń wọ inú ẹni tó ti rìn nínú oòrùn látàárọ̀. Ohùn yẹn ni mo fẹ́. Àmọ́ ẹlòmíràn ti ń fẹ́ ohùn yẹn kí n tó dé.

Nígbà tí Ìbídùnní wà lọ́mọdé, ó máa ń lọ ṣẹ́gi ní ẹsẹ̀ òkè kan. Á dúró, á kọrin, òkè á sì dá orin náà padà fún un. Ó rò pé eré ni. Kò mọ̀ pé iwin kan wà nínú òkè náà tó ń jẹ́ Gbohùngbohùn, àti pé lọ́kàn iwin yẹn, gbogbo ìdáhùn ẹ̀jẹ́ ìfẹ́ ni. Lọ́jọ́ kan ọmọdébìnrin yìí fi ṣe yẹ̀yẹ́, ó pariwo pé, "Ṣé wàá fẹ́ mi?" Òkè dáhùn pé, "Fẹ́ mi... fẹ́ mi..." Ó rẹ́rìn-ín, ó gbé igi rẹ̀, ó lọ sílé. Ìfẹ́sọ́nà ti wáyé nìyẹn lójú Gbohùngbohùn.

Nígbà tí iwin náà gbọ́ pé Ìbídùnní ti di aya ọdẹ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa ohùn rẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀. Ìbídùnní á bẹ̀rẹ̀ orin, ibi tó ti ga nínú orin náà kò ní jáde. Nígbà tó yá, ẹ̀rín rẹ̀ lọ. Ẹnu rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, èjìká rẹ̀ ń mì, etí wa kò gbọ́ nǹkan kan. Ẹ wo irú ẹ̀rù tó ń bani láti rí ẹni tí a fẹ́ràn tó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó wà lẹ́yìn gíláàsì! Kò pẹ́, ó di pé wúyẹ́wúyẹ́ nìkan ló kù sí i lẹ́nu.

Ó pè mí jókòó, ó ní, "Ọlọ́dẹ mi, ohùn mi wà lórí òkè yẹn. Mo ń gbọ́ ọ tó ń pè mí. Lọ́jọ́ tí èyí tó kù yìí bá lọ, màá sùn, mi ò sì ní lè jí."

Mo dìde, mo mú ìbọn. "Màá lọ gbé e wá!"

"Ẹ jókòó. Gbohùngbohùn ló ni odò tó yí òkè náà ká. Ohùn tó bá gba ojú òfurufú ibẹ̀ kọjá, gbígbé ló máa gbé e mì. Ẹ ò lè gbé ohùn mi rù wálé. Láti orí òkè gan-an lẹ ti máa fi í ránṣẹ́, kó gba inú kọ̀ǹpútà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn wa bọ́ sí mi létí. Ṣùgbọ́n bí Gbohùngbohùn bá rí ọ̀nà náà wọlé ṣáájú yín, ohùn tirẹ̀ ló máa bọ́ sí mi létí. Tirẹ̀ ni màá sì jẹ́ títí ayé."

Mo ní, "Ìyẹn ò le. Fi páásíwọ́ọ̀dù sí ẹ̀rọ náà, kí n máa fi wọlé láti ọ̀nà jíjìn. Fi Àmọ̀kẹ́ sí i."

Àmọ̀kẹ́ ni oríkì rẹ̀.

"Oríkì tí ìyá mi fi ń jí mi, tí gbogbo ọmọ àdúgbò fi ń kí mi, òun lẹ fẹ́ fi tilẹ̀kùn mọ́ iwin?"

"Ta ló máa ronú kàn án?"

"Kò sí ọkùnrin tó ní kọ̀ǹpútà nílùú yìí tí kì í ṣe oríkì ìyàwó rẹ̀ ló fi tì í. Èmi ni mo ń bá wọn tún un ṣe, ọlọ́dẹ mi. Ẹ jẹ́ kí n ríbi ṣiṣẹ́."

Ó ní kí kọ̀ǹpútà ṣe àgádágodo kan àti kọ́kọ́rọ́ kan fún wa, tí kò sí irú wọn níbòmíràn. Ó ní, "Ẹnu ọ̀nà ilé ni àgádágodo máa wà. Ẹ lè fi ẹ̀dà rẹ̀ han gbogbo ayé, kò sóhun tí wọ́n lè fi ṣe. Inú fóònù yín ni kọ́kọ́rọ́ máa wà. Ẹ má fi han ẹnikẹ́ni. Ẹ má fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni, kódà bí èmi fúnra mi bá bẹ̀ yín."

"Kódà ìwọ?"

"Pàápàá èmi."

Ó tún mú gbólóhùn gígùn kan, ó fi di kọ́kọ́rọ́ náà bí ẹni di ẹnu àpò, pé bí fóònù bá tilẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ olè, kò ní rí kọ́kọ́rọ́ lò. Ẹ fẹ́ gbọ́ gbólóhùn yẹn? Ẹ kú ìfẹ́. Ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ kan wà nínú rẹ̀, àti òjò kan, àti gèlè kan tí kò tíì parí ní dídì. Èmi àtòun nìkan la wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, mi ò sì ní fi ẹlòmíràn kún un.

Ó ní kí n jáde lọ sí ìdí igi mángòrò lókèèrè, kí n kan ilẹ̀kùn náà wò láti ibẹ̀. Mo kàn án, ó ṣí. Ìgbà tó rí i pé ó ṣí ló tó ti ilẹ̀kùn páásíwọ́ọ̀dù tó bá ẹ̀rọ náà wá pa pátápátá, pé ẹnikẹ́ni tí kò bá mú kọ́kọ́rọ́ wá, ìbáà mọ oríkì ìran wa dé ìdí, kò gbọdọ̀ rí àyè wọlé. Ìyá rẹ̀ wà nítòsí, ó bú sẹ́rìn-ín. "Irú ilé wo nìyí? Èèyàn á ṣàgò, ẹ ò ní sọ pé àgò yà? Àna yín á ní a kò kọ́ yín nílé."

Ìbídùnní kò rẹ́rìn-ín. Ó mú ìṣó, ó fa ìbọn mi mọ́ra.

"Ó ku ojú ilé. Kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan ní ilà ojú tirẹ̀, bí èèyàn. Bí ẹ bá ti kan ilẹ̀kùn, kó tó gbọ́ nǹkan kan lẹ́nu yín, ó máa kọ́kọ́ fi ojú rẹ̀ hàn yín. Ẹ wo ilà náà dáadáa. Bó bá fi ohun tó kéré jù lọ yàtọ̀, kì í ṣe ilé yín. Ẹnì kan ló dúró sáàárín yín àti ilé. Ẹ yí padà."

Ó fi ìṣó họ ilà náà sára igi ìbọn mi: ilà tó fẹ̀ bí ẹsẹ̀ adìyẹ, ilà tó tẹ̀ bí òṣùpá àkọ́yọ, àti ilà wínníwínní kan nísàlẹ̀ tó dá dúró, tí kò kan èkejì rẹ̀. Bó ti họ ìyẹn tán, ó fẹnu kan etí mi, ó tún gbólóhùn náà sọ, kí n má baà gbàgbé. Ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn nínú rẹ̀ kò jáde tán. Orí rẹ̀ ṣubú sí mi láyà. Ó ti sùn.

Mo tẹ́ ẹ sórí ibùsùn. Mo bẹ ìyá rẹ̀ pé kó má pa ẹ̀rọ náà, kó sì máa nu ojú páànù sólà. Mo fi ẹnu ko aya mi níwájú orí, mo bọ́ sí ọ̀nà.

Sùbérù ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀ yẹn. Kí ló dé, Sùbérù?

"Baba, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dé oko mi tó wà lẹ́yìn ọjà níbí, òun ló wá dé igbó iwin?"

Sùbérù, oko rẹ tí àgbàdo pàápàá kò fẹ́ dé? Àwọn iwin ní òpó tiwọn, ó ga, ó ń mí, ó sì ń ṣẹ́jú. Jókòó jẹ́ẹ́.

Mo wọ Igbó Adáhùn. Etí ni igi ibẹ̀ fi ṣe ewé, etí gbọọrọ bí ewé kókò, gbogbo wọn sì ń yí síbi tí mo bá wà. Mo wúkọ́, igbó wúkọ́. Mo pòṣé, igbó pòṣé. Mo dúró láti sinmi, ni mo bá gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ara mi tó ń bá ìrìn lọ níwájú, kò dúró. Ó lọ, ó lọ, ó wá yí padà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn bọ̀ wá bá mi. Èmi Ọdẹ́dìran tí ẹkùn máa ń yà fún lọ́nà, mo já ewé, mo fi di ara mi lẹ́nu, mo dọ̀bálẹ̀ bí òkú. Ìró ẹsẹ̀ náà dé ẹ̀bá etí mi. Ó dúró. Ó mí sí mi lọ́rùn. Nígbà tí kò gbọ́ ohùn kankan, ó kọjá.

Nígbà tí ẹ̀mí mi padà sípò, mo yọ fóònù, mo kan ilé wò. Ilà pé, mo wọlé. Kọ̀ǹpútà a máa fi ẹni tó ti wá kan ilẹ̀kùn han onílé. Ẹ̀yin èèyàn mi! Ẹnì kan ti wá. Ó ti fi "Àmọ̀kẹ́" kàn án. Ó ti fi "Ọdẹ́dìran" kàn án, ó fi orúkọ ìyá Ìbídùnní kàn án, ó fi orúkọ ajá wa tó ti kú kàn án. Ilé lé e, ó pààrọ̀ aṣọ, ó gba ọ̀nà míì yọ. Bí mo ti ń wò ó lọ́wọ́ ló tún kàn án. Ìbídùnní sùn sílẹ̀ láìmọ nǹkan kan, èmi wà ní ọ̀nà jíjìn réré, iwin sì dúró lẹ́nu ọ̀nà wa tó ń kan ilẹ̀kùn láìsinmi. Bó bá jẹ́ pé oríkì yẹn la fi tì í, ìgbà àkọ́kọ́ tó kàn án ni ìbá ti wọlé. Mo gbéra, mo sáré.

Eré yẹn gbé mi dé Ìlú Aláìlójú. Ojú àwọn ará ìlú yìí tẹ́jú bí ẹ̀yìn igbá, ojú olójú ni wọ́n ń yá lò, wọ́n ń so ó mọ́ ìbàdí kiri. Oníbodè wọn na ọ̀kọ̀ sí mi láyà.

"Ta ni ọ́?"

"Ọdẹ́dìran ni mí."

Ni gbogbo wọn bá fi ohùn mi pariwo: "Èmi ni Ọdẹ́dìran! Èmi ni Ọdẹ́dìran!"

Oníbodè ní, "Ṣé o gbọ́? Ẹnikẹ́ni lè sọ bẹ́ẹ̀. Fún mi ní ohun tó jẹ́ tìrẹ nìkan, tí mo lè mú lọ, tí kò sì ní dín ọ kù. Bí o kò bá ní in, ojú rẹ ni n ó gbà." Ó ti ń fi ìka tútù wá etí àgbọ̀n mi, ó ń wá ibi tí yóò ti bó o.

Mo ronú nípa ìbọn, ìyẹn á dín mi kù. Mo ronú nípa kọ́kọ́rọ́, mo gbọ́ "pàápàá èmi" lọ́kàn mi. Ni mo bá rántí àgádágodo. Mo fún un ní ẹ̀dà rẹ̀. Ó gbà á, ó lá a, ó gé e jẹ, eyín rẹ̀ kán. Ó wò ó lọ́tùn-ún lósì, ó ní, "Tìrẹ ni lóòótọ́. Kí ni mo lè wá fi ṣe?"

"Kò sí."

Inú bí i, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti jáde lẹ́nu rẹ̀. Ó gbé ọ̀kọ̀ kúrò. Títí di òní ó ṣì so àgádágodo yẹn mọ́ ọrùn, ó sì lè máa so ó lọ, kò kàn mí.

Mo la odò náà kọjá láìlahùn, mo gun òkè. Ìkarahun ìgbín ló bo orí rẹ̀ lọ salalu, ohùn èèyàn sì wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan: ìyá tó ń rẹ ọmọ, ọmọ tó ń ké pe ìyá, ọkùnrin kan tó ń ka Àlùkùránì, ìyàwó tuntun tó ń sunkún kúrò nílé. Jẹ́jẹ́ ni mo ń gbé wọn sétí lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ilẹ̀ tó ń mí lábẹ́ ẹsẹ̀ mi má baà ta jí, omijé ń bọ́ lójú mi. Mo gbé ìkarahun wínníwínní kan. Mo gbọ́: "Bàbá ọlọ́dẹ, ẹ̀ ń ba ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù mi jẹ́."

Ẹ̀yin tí ẹ ti fẹ́ràn rí, ẹ̀yin lẹ mọ ohun tí mo gbọ́ yẹn.

Mo yọ fóònù, mo kan ilẹ̀kùn. Ilé dìde níwájú mi: ẹnu ọ̀nà wa, aṣọ ìkélé tí Ìbídùnní fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán, òórùn ìpara tó máa ń fi sọ́rùn. Láti inú yàrá ni mo ti gbọ́ ohùn rẹ̀.

"Ọlọ́dẹ mi, mo ti jí. Kí lẹ dúró fún? Ẹ máa wọlé bọ̀."

Mo sún mọ́ ẹnu ọ̀nà.

"Òtútù ń mú mi, ọlọ́dẹ mi. Ẹ sọ gbólóhùn wa fún mi. Ẹ na kọ́kọ́rọ́ náà sí mi, kí n bá yín ṣí i. Ṣé ẹ ò fẹ́ràn mi mọ́ ni?"

Ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ yẹn ti dé ètè mi. Ọkàn mi ń pariwo pé kí n wọlé. Ọwọ́ tó ń gbọ̀n ni mo fi gbé ìbọn sókè, mo wo igi rẹ̀, mo wo ojú ilé. Ẹsẹ̀ adìyẹ wà. Òṣùpá wà. Ilà wínníwínní ìsàlẹ̀ náà wà pẹ̀lú.

Ó kan èkejì rẹ̀.

Báyìí báyìí ló fi kàn án, bí irun ìpéǹpéjú. Mo pa ẹnu dé. Mo yí ẹ̀yìn sí ohùn aya mi.

"Ọlọ́dẹ mi! Ibo lẹ ń lọ? Ó ń pa mí! Ẹ ń gbọ́ bó ṣe ń pa mí, ẹ ń lọ?" Ó ké, ó bẹ̀, ó pọ̀kàkà ikú, mo gbọ́ gbogbo rẹ̀ dé òpin. Nígbà tó dákẹ́, ẹlòmíràn rẹ́rìn-ín láti ibi tí ó ti ń sọ̀rọ̀, ẹ̀rín tó dún bí ìgbà tí àpáta ń là. Bí mo bá ń lá àlá títí dòní, ẹ̀rín yẹn ni mo ń gbọ́.

Mo yí gba ẹ̀yìn òkè, mo wá ojú ọ̀nà míì, mo tún kàn án. Ilà yọ. Mo fi wé ti ìbọn títí omi fi bọ́ lójú mi. Èyí tó kéré jù dá dúró, kò kan èkejì. Mo tẹ gbólóhùn wa sínú fóònù láìlahùn, mo parí ọ̀rọ̀ tó gé mọ́ aya mi lẹ́nu, ilẹ̀kùn ṣí. Mo gbé ẹnu ìkarahun sí ẹnu fóònù.

Gbohùngbohùn na ara rẹ̀ sórí odò, ó la ẹnu rẹ̀ láti bèbè kan dé bèbè kejì. Ohùn náà gba inú ẹnu rẹ̀ gan-an kọjá. Ṣùgbọ́n ohun tó bá gba ọ̀nà tí Ìbídùnní là yẹn, ẹni tó dúró lọ́nà kò ní gbọ́ ju ìró òjò lórí páànù lọ. Iwin náà ń jẹnu, ó ń gbé òjò mì, ó ń wá aya mi nínú rẹ̀, kò rí i.

Lẹ́yìn náà, nínú fóònù, ẹnì kan wúkọ́. Mo gbọ́ tí ìyá rẹ̀ pariwo. Mo wá gbọ́ ohùn tí mo torí rẹ̀ wá, odindi, kò dín rárá.

"Ta nìyẹn?"

Ayọ̀ gbé mi kọjá ara mi. Mo gbàgbé odò, mo gbàgbé iwin. Mo dìde dúró lórí òkè, mo la ẹnu sí òfurufú, mo ké: "Àmọ̀kẹ́!"

Gbohùngbohùn pa ẹnu dé. Ó gbé e mì. Ó sì rẹ́rìn-ín.

Mi ò ní sọ ti ìpadàbọ̀, ẹsẹ̀ ló gbé mi. Mo dé ẹnu ọ̀nà wa ní ìrọ̀lẹ́, mo ṣàgò. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Mo gbọ́ èémí aya mi lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ọwọ́ kan gba ojú fèrèsé jáde, ó kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, ó ń fi ìka tọ ilà àbàjà mi lọ́kọ̀ọ̀kan, jẹ́jẹ́, láti òkè dé ìsàlẹ̀, bí afọ́jú tó ń kàwé. Ìgbà tó tọ́ èyí tó kẹ́yìn tán ló tó sọ pé, "Àgò yà, ọlọ́dẹ mi," tó sì bú sẹ́kún.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é títí dòní. Àwọn ìbátan mi ń bínú pé ìyàwó mi kì í dáhùn àgò. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa bínú. Ohùn mi kan ṣoṣo wà lọ́wọ́ iwin yẹn, oríkì aya mi ló sì wà nínú rẹ̀. Bí òjò bá ń rọ̀ báyìí, ó máa ń...

Sùbérù, kí lo ń wò lẹ́yìn? Ẹ dákẹ́ ná. Ẹ gbọ́.

Àbí kì í ṣe èmi ni mo jókòó síwájú yín yìí? Àbí ẹnu mi ò pa dé? Ta wá ló wà lẹ́yìnkùlé yẹn, tó ń fi ohùn mi pe Àmọ̀kẹ́?

Ẹ fi í sílẹ̀, kó máa pè. Ìbídùnní wà nínú ilé, ó gbọ́ ọ, kò ní dáhùn. Ẹ̀yin náà, mo fi ìfẹ́ bẹ̀ yín, ẹ má sọ pé àgò yà.